Bẹ́ ẹ Bá Fẹ́ Fẹsẹ̀ Rìn Dé Santiago, Ẹsẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí nípa Camino, ìrìnàjò ẹ̀sìn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago ní Sípéènì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé àdúrà wo ni àwọn máa gbà lójú ọ̀nà, ṣé kí àwọn gbààwẹ̀ kí àwọn tó lọ, ṣé fáàdà gbọ́dọ̀ súre fún àwọn. Ó dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Àmọ́ àwọn tí mo rí tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí omi ń bọ́ lójú wọn, tí wọ́n wá pe táksí kó gbé àwọn lọ síbi tí àwọn á ti wọ ọkọ̀ padà sílé, kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ló tán lọ́kàn ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ àti ẹrù. Torí náà ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, tó bá jẹ́ ìwàásù lẹ ń wá, ẹ ò ní rí i níbí.

Fún ẹni tí ò bá tíì gbọ́ ọ rí: Santiago de Compostela jẹ́ ìlú kan ní Galicia, lókè ọ̀hún lápá òsì Sípéènì, níbi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù ọmọ Sébédè sí, arákùnrin Jòhánù, ẹni tí Hẹ́rọ́dù fi idà pa nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé òkú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé wọ́n wá rí sàréè náà ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àtìgbà náà làwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láti gbogbo Yúróòpù. Ní 2024 nìkan, àwọn tó gbàwé ẹ̀rí pé àwọn rìn ín dé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Kì í sì ṣe àwọn Kátólíìkì nìkan o, àtẹlẹ́sìn àtẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa fi JP síwájú orúkọ yín tẹ́ ẹ bá dé, ìyẹn tàwọn tó lọ Jerúsálẹ́mù ni.

Ọ̀nà wo, ìgbà wo

Ọ̀nà ò jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Camino Francés, ó bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 780, ẹ máa lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀ tẹ́ ò bá fẹ́ pa ara yín. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀gá ò lè fún yín ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sarria lójú ọ̀nà kan náà, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 110, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin kìlómítà 100 tó gbẹ̀yìn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á gùn ún tó 200. Àwọn tó ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ máa ń fi àwọn ará Sarria ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n kàn wá gbafẹ́ ni, ẹ má dá wọn lóhùn jàre, ẹsẹ̀ tó ń dun èèyàn ní kìlómítà 20 ń dùn ún náà ni.

Èyí tí mo máa ń júwe fáwọn èèyàn wa ní London ni Camino Inglés láti Ferrol, kò ju kìlómítà 120 lọ, èrò ò pọ̀ níbẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn gan-an làwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ máa ń gbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wo òkun lọ, láti Porto ní Portugal, ọ̀nà etíkun wà, ó tó bíi 280.

Àsìkò: oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tàbí ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ẹ má lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ kẹ́ ẹ wá sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, oòrùn ò lè ṣe yín ní nǹkan. Oòrùn ilé ní ìbòji. Níbẹ̀, láàárín Burgos sí León, pápá ọkà ni títí ojú ríran dé, ó tó bíi kìlómítà 200, ẹ lè rìn láàárọ̀ ṣúlẹ̀ kẹ́ ẹ má rí igi tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ìgbà òtútù náà ní tiẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí dé ìparí oṣù kẹta, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè Pyrenees tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì pa, ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba Valcarlos lẹ máa gbà, kẹ́ ẹ má sì bá wọn jiyàn, èèyàn ti kú sórí òkè yẹn.

Físà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, bó ti wù kẹ́ ẹ pẹ́ ní UK tó, àfi tẹ́ ẹ bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tiwọn. Owó ẹ̀ ti di Yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024, ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó máa gbé ó kéré tán Yúrò 30,000 gbọ́dọ̀ wà lára ìwé yín, ẹ sì lè fìwé sílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Ọ̀dọ̀ Sípéènì ni kẹ́ ẹ ti béèrè kódà tó bá jẹ́ ilẹ̀ Faransé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, torí Sípéènì lẹ máa pẹ́ sí jù. Ibi tó ń lọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni pé wọ́n á ní ibo lẹ máa sùn lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé èrò ìjọba tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn kì í gbà kéèyàn ti ilé búùkù, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ṣiṣẹ́ fáwọn tí mo mọ̀ ni pé wọ́n to ètò ìrìn wọn sílẹ̀, ìlú sí ìlú, ọjọ́ sí ọjọ́, wọ́n búùkù àwọn ilé èrò aládàáni tí èèyàn lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà kan mọ́ ọn tó ṣàlàyé ohun tí Camino jẹ́. Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó bá yẹ ìwé wò ló mọ̀ ọ́n.

Ẹrù

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, àwa Yorùbá àti ẹrù. Èèyàn tó ń lọ Ìbàdàn lọ sùn ọjọ́ kan ṣoṣo, á gbé aṣọ ọjọ́ mẹ́rin, á tún fi aṣọ òde mọ́ ọn torí kò mọ ẹni tó lè bá pàdé. Kò lè ṣe é ṣe lójú ọ̀nà yìí. Gbogbo ẹni tó ti rìn ín ló máa sọ ohun kan náà fún yín pé kí bàágì má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ, ẹni tó bá wọn kílò 75, kílò 7 ààbọ̀ ni tiẹ̀, omi wà nínú ẹ̀ o. Bàágì lítà 35 sí 40 ti tó, kẹ́ ẹ wo èyí tó ní bẹ́líìtì tó máa dè mọ́ ìbàdí dáadáa torí ìbàdí ló yẹ kó gbé ẹrù, èjìká kàn máa dì í mú ni.

Aṣọ méjì, ọ̀kan lára ọ̀kan nínú bàágì. Ṣòkòtò méjì, páńtì mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ olówùú àgùntàn, súwẹ́tà kan, aṣọ òjò tó máa bo èèyàn pẹ̀lú bàágì lẹ́yìn ẹ̀, sílípáàsì fún ìrọ̀lẹ́, tówẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àpò ìsùn tó fúyẹ́, ohun tí wọ́n ń kì sétí, ṣájà. Ó tán. Ohunkóhun tó bá jẹ́ pé “tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́” ló mú yín kó o, ẹ yọ ọ́ jáde. Sípéènì kì í ṣe aṣálẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oògùn tí wọ́n ń gbé àgbélébùú aláwọ̀ ewé sí níwájú wà ní gbogbo ìlú tó bá tóbi díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀hún tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹrù ti pọ̀ jù, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn máa bá yín fi ìyókù ránṣẹ́ sí Santiago, ó máa dúró dè yín níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé bàágì láti ìlú kan sí èkejì náà wà, owó kékeré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, Jákọ́bù ò ní béèrè ẹni tó bá yín gbé e.

Fún ẹ̀yin obìnrin, ẹ dirun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó jẹ́ èyí tó máa lò tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì fúyẹ́, torí irun gígùn tó ti mumi kì í gbẹ bọ̀rọ̀ ní Galicia, ẹ ò sì ní rí ẹni tó máa bá yín tún un ṣe. Fìlà oòrùn tó máa wọlé sórí irun náà ni kẹ́ ẹ wá.

Ata gígún, ẹ mú díẹ̀ dání. Kílíṣí àti ẹran gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀, òfin Yúróòpù ò gbà kéèyàn kó ẹran tàbí wàrà wọlé látìta, UK náà sì ti di ìta báyìí.

Ẹsẹ̀

A dé ibẹ̀ wàyí.

Bàtà kọ́kọ́. Ẹ má gba ti àwọn tó ń sọ pé bàtà sójà tó wúwo dé kókósẹ̀ ló dáa jù. Kánfáàsì àwọn tó ń sáré nínú igbó, tí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ nípọn tó sì lè di ilẹ̀ mú, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ báyìí, ó ń tètè gbẹ tójò bá pa á. Ẹ rà á ní nọ́ńbà kan tàbí ààbọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá rìn jìnnà, ọmọ ìka á sì máa lu iwájú bàtà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ibẹ̀ ni èékánná ti ń dúdú tó fi ń bọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á kì í ṣe àárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lójú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀ ọ́ wò. Kẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́ títí, ẹ wọ̀ ọ́ lọ ọjà, ẹ wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ò bá tijú, kí bàtà àti ẹsẹ̀ ti mọ ara wọn kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Bàtà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já síìlì ẹ̀ lọ́jọ́ ìrìnàjò, wàhálà lẹ rà yẹn.

Ẹ máa fi bàágì rìn nílé. Kì í ṣe bàágì òfìfo o, ẹ kó ìwọ̀n ẹrù yẹn sínú ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 5, ẹ máa fi kún un, kí àwọn ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ẹ ti lè rin 20 lónìí kẹ́ ẹ tún rin 20 lọ́la, torí ọjọ́ kejì ló ń sọ òótọ́, ọjọ́ kìíní gbogbo èèyàn ni akọni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, òkè Ìdànrè ń bẹ níbẹ̀, àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, ẹ gùn ún, àmọ́ ìsọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Orúnkún ni ìsọ̀kalẹ̀ ń bá jà.

Lójú ọ̀nà, láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi Vaseline pa ẹsẹ̀, ẹ pa á dáadáa láàárín ọmọ ìka, ní gìgísẹ̀, lábẹ́ ìka ńlá. Èékánná, ẹ ti gé e kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ gé e tọ́ kẹ́ ẹ má gé e wọnú igun. Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó wákàtí méjì, ẹ jókòó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí bàágì kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ẹ yí ìbọ̀sẹ̀ padà sí òde kẹ́ ẹ gbọn òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ dà nù. Ẹ máa rí àwọn tó ń kọjá lọ tí wọ́n ń wò yín bíi pé ọ̀lẹ ni yín. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn. Lọ́sàn-án ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ sí èyí tó gbẹ, ẹ fi pín-ìn-nì gbé èyí tó tutù kọ́ ẹ̀yìn bàágì kó máa gbẹ lọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: tí ibì kan bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, tó kàn ń ta yín díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dúró. Kì í ṣe tẹ́ ẹ bá dé abúlé iwájú. Kì í ṣe torí ọ̀rẹ́ yín ti ń lọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ lẹ plástà mọ́ ọn kó tó di pé omi gbára jọ sábẹ́ awọ. Tó bá ti gba ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí kò ní gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́la. Tí blísítà bá ti wá yọ, tí ò sì dùn yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ bò ó. Tó bá tóbi tẹ́ ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́ àti ibẹ̀, ẹ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ fi ankaṣíìfù mímọ́ tẹ omi ẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má ya awọ orí ẹ̀, awọ yẹn ni oògùn. Ẹ bò ó. Àwọn kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi òwú gbà á kọjá kẹ́ ẹ fi òwú náà sílẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́jú, ẹ má ṣe é, ọ̀nà tí ìdọ̀tí máa gbà wọlé lẹ là fún un yẹn. Tó bá pupa tó gbóná tó ń ṣe ọyún, dókítà.

Ojúgun tó ń dunni lókè kókósẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ plástà, ìsinmi ló ń béèrè, ọjọ́ kan tàbí méjì, omi tútù, bàtà tí okùn ẹ̀ dẹ̀. Ẹni tó bá rìn lórí ẹ̀, ilé ló ń lọ yẹn.

Ìrìn ẹlòmíì kì í ṣe ìrìn yín

Ẹ máa bá èèyàn pàdé, ọ̀rọ̀ á dùn, ará Kòríà, ará Brazil, ará Jámánì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí ìlẹ̀kùn, ẹ máa fẹ́ bá wọn rìn torí ẹ ò fẹ́ dá wà. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń bàjẹ́. Ará Jámánì yẹn, 32 ló ń rìn lójúmọ́, ẹ̀yin, 20 ló bá yín lára mu, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e ọjọ́ mẹ́ta ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ kí i pé ó dìgbà, ẹ jẹ́ kó lọ. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ṣì máa pàdé ẹ̀ níwájú, á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ń fi bándéèjì di ẹsẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Yorùbá ti sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ kìíní lórí Camino Francés ló sì le jù, àbí ẹ ò rí i pé ìyẹn ò dáa, láti Saint-Jean dé Roncesvalles jẹ́ kìlómítà 25, ẹ máa gùn ún dé nǹkan bíi mítà 1,430. Tí ẹ̀mí yín ò bá gbé e, ilé èrò kan wà ní Orisson, kò ju kìlómítà 8 lọ láti ìsàlẹ̀, ẹ búùkù ẹ̀ tipẹ́, ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn Carrión de los Condes, kìlómítà 17 gbáko ni kò ní abúlé, ẹ rọ omi lítà méjì kẹ́ ẹ tó kúrò. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù gígun òkè O Cebreiro, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí kàn máa ga ni. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni ìsọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn Cruz de Ferro, àgbélébùú irin kan lórí òpó igi gíga, ibi táwọn èèyàn ti máa ń ju òkúta tí wọ́n gbé láti ilé sílẹ̀. Ẹ wà ní nǹkan bíi mítà 1,500 níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀ lọ sí El Acebo dé Molinaseca, òkúta pẹlẹbẹ tó dúró ní ìdábùú, àwọn míì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tójò bá rọ̀ wọ́n máa ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ẹ lo ọ̀pá méjì, ẹ máa gbé ìgbésẹ̀ kékeré, ẹ sọ okùn bàtà le kí ẹsẹ̀ má sún síwájú, kẹ́ ẹ sì gbàgbé aago.

Ọ̀nà ò ṣòro láti mọ̀. Ọfà yẹ́lò ló wà lára ògiri, lára òkúta, lára òpó iná. Fáàdà abúlé O Cebreiro kan, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kùn ún ní àwọn ọdún 1980, ó gbé ọ̀dà sínú mọ́tò ẹ̀ ó ń yí ọ̀nà káàkiri. Ère orí ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lókè níbẹ̀, ẹ kí i fún mi tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ilé èrò àti oúnjẹ

Albergue ni wọ́n ń pè é. Kẹ́ ẹ tó lè sùn síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ ní credencial, ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ lè gbà á níbi tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì orí-ń-gun-orí ni, èèyàn mẹ́wàá, ogún, jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá kan, ọkùnrin obìnrin. Yúrò 8 sí 18 ló máa ń wà, òru kan péré ni, wọ́n ń tilẹ̀kùn aago mẹ́wàá alẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ẹ ti gbọ́dọ̀ jáde. Bàtà kì í wọlé, pẹpẹ wà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ nǹkan sílẹ̀, ẹ gbé fóómù bẹ́ẹ̀dì sókè, ẹ tan iná fóònù sí etí tí wọ́n rán, ẹ wo ìdun, àmì dúdú wínníwínní ni kẹ́ ẹ máa wá. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ lọ sọ fún onílé jẹ́jẹ́.

Méjì péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má dáhùn fóònù láti ilé nínú yàrá, ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ má sì di ẹrù sínú náílọ̀nù tó ń dún wáráwárá laago márùn-ún àárọ̀.

Àwọn ilé èrò ṣọ́ọ̀ṣì ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù, kì í ṣe torí owó. Ní Grañón, inú ilé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an lẹ máa sùn, orí ẹní tín-ín-rín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo èèyàn ló jọ ń se oúnjẹ alẹ́, àpótí owó wà ní ṣíṣí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ bá ní sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá nílò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fowó sí i, owó yín lónìí loúnjẹ àwọn tó ń bọ̀ lọ́la. Ní Carrión, àwọn sísítà ló ń bójú tó ilé kan níbẹ̀, nírọ̀lẹ́ wọ́n á gbé gìtá jáde, wọ́n á ní kí kálukú kọ orin ilé ẹ̀. Ó kàn mí, mo kọ orin tí màmá mi máa ń kọ tó bá ń lọ ata, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ojú ń tì mí àmọ́ nígbà tí mo débi ègbè, obìnrin ará Brazil kan tó wà lẹ́yìn ti ń pàtẹ́wọ́ sí i bíi pé ó mọ̀ ọ́n. Sísítà àgbà kan fún wa ní ìràwọ̀ tí wọ́n fi pépà gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ: ẹ gbàgbé àkókò oúnjẹ ilé. Aago méjì ọ̀sán sí márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù abúlé tó pọ̀ ti tìpa, oúnjẹ alẹ́ di aago mẹ́jọ, nígbà míì mẹ́sàn-án. Torí náà ẹ máa ní búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú bàágì. Oúnjẹ arìnrìn-àjò tí wọ́n ń pè ní menú del peregrino máa ń jẹ́ abọ́ mẹ́ta pẹ̀lú búrẹ́dì àti wáìnì, Yúrò 12 sí 16, èèyàn á yó, àmọ́ kò ní ata rárá, ibẹ̀ ni ata gígún tẹ́ ẹ mú dání ti máa di góòlù. Ní Irache lẹ́yìn Estella, ẹnu ẹ̀rọ méjì wà lára ògiri, ọ̀kan omi, ọ̀kan wáìnì, ọ̀fẹ́ ni láti 1991, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ máa lọ, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Inú kàtídírà Santo Domingo de la Calzada, àkùkọ àti àgbébọ̀ adìẹ tó wà láàyè ń gbé ibẹ̀ nínú àgò tó lókùúta àti gíláàsì, torí ìtàn pé wọ́n so ọmọkùnrin kan tí ò jẹ̀bi kọ́, kò kú, nígbà tí adájọ́ ní ìgbà tí adìẹ sísun tó wà nínú abọ́ òun bá tó kọ lòun máa gbà á gbọ́, adìẹ náà dìde, ó kọ.

Àwọ̀ wa àti Jákọ́bù ẹlẹ́ṣin

Ẹ ò ní rí aláwọ̀ dúdú púpọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn àgbààgbà abúlé máa wò yín, ọ̀pọ̀ wọn á kí yín “Buen Camino” pẹ̀lú ẹ̀rín, àwa tá a fi ìkíni dá wa sáyé, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ sì fi kún un. Ìwé ìrìnnà yín, pásípọ́ọ̀tù àti físà, ara yín ni kó wà, kì í ṣe nínú bàágì tí ọkọ̀ ń bá yín gbé, torí ọlọ́pàá lè béèrè ẹ̀ nítòsí ibodè, àwọn onílé èrò náà á kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Obìnrin tó bá ń dá rìn, ẹ gbé AlertCops ti ọlọ́pàá Sípéènì sórí fóònù.

Ẹ tún máa rí ère Jákọ́bù lórí ẹṣin funfun pẹ̀lú idà, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú lábẹ́ pátákò, Matamoros, ìyẹn apa-Mùsùlùmí, ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọ̀kan wà nínú kàtídírà Santiago fúnra ẹ̀, wọ́n ti máa ń fi òdòdó bo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú, mi ò sì ní parọ́ pé ó dùn. Àmọ́ ní Haiti, àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ wo ọkùnrin onídà yẹn nínú àwòrán, Ògún ni wọ́n rí, Ogou ni wọ́n ń pè é dòní, tó bá di ọjọ́ 25 oṣù keje tí Sípéènì ń ṣọdún Jákọ́bù, àwọn náà ń lọ sí Plaine-du-Nord lọ ṣọdún tiwọn. Ìyẹn ni mo gbé sọ́kàn tí mo fi wò ó kọjá.

Tẹ́ ẹ bá dé

Láti kìlómítà 100 tó gbẹ̀yìn, òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́, ẹ má gbàgbé, ilé kọ́fí, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló ní in. Tẹ́ ẹ bá wọ Santiago, wọn ò gbà kéèyàn gbé bàágì ńlá wọ kàtídírà, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa fi sí kọ́kọ́. Ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò wà ní Rúa das Carretas, ẹ ti fi fóònù forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, wọ́n á yẹ òǹtẹ̀ yín wò, wọ́n á fún yín ní Compostela, ìwé ẹ̀rí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ yín ní èdè Látìn. Ẹ kọ orúkọ yín hàn wọ́n kedere, Olúwaṣeun tàbí Abíọ́dún, kí wọ́n má bàa kọ ọ́ sódì. Botafumeiro, àwo tùràrí ńlá tí ọkùnrin mẹ́jọ máa ń fà lókùn, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fì í, ẹ má torí ẹ̀ binú.

Ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kí ọkọ̀ òfurufú yín tó gbéra, torí ẹsẹ̀ lè dá yín dúró lọ́nà, àti pé ó dáa kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo òkun ní Finisterre. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ dáná sun bàtà yín níbẹ̀, ó léèwọ̀, ẹ má bá wọn dá sí i.

Ohun kan ṣì kù fún ẹni tó ń ro 2027. Ọjọ́ 25 oṣù keje máa bọ́ sí Sunday lọ́dún náà, Ọdún Mímọ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kan lára kàtídírà tó jẹ́ pé títì pa ló máa ń wà láwọn ọdún yòókù, èrò á pọ̀ débi pé bẹ́ẹ̀dì láti Sarria lọ á di ìjà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ọdún yẹn, oṣù kẹta ìparí tàbí oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà àti bàtà nísinsìnyí.